ÌRÀWỌ̀ OJÚ Ọ̀RUN ÀTI ỌKÀN TÍ Ó GBỌGBẸ́

Ẹ̀kọ́ kíkà: Orin Dáfídì 147:1–6



Ẹ kíyè sí ẹsẹ kẹta àti ẹsẹ kẹrin. Ẹsẹ kẹta ń sọ nípa Ọlọ́run tí ń tọ́jú ọgbẹ́ àwọn tí ọkàn wọn bàjẹ́. Kí a tó mí, ẹsẹ kẹrin ti gbé wa lọ sí ojú ọ̀run, níbi tí Ó ti ń ka ìràwọ̀, tí Ó sì mọ orúkọ gbogbo wọn. Kí ni ó pa opó pọ̀ mọ́ ìràwọ̀?

Ní alẹ́ oṣù kẹrin àti oṣù karùn-ún, bí ìkùukùu òjò bá gbà, ìhà kan ń bẹ lókè orí wa ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Virgo, ìyẹn Wúńdíá. (Ó dùn mọ́ mi pé obìnrin ni wọ́n fi sọ ọ́.) Níbẹ̀ ni M87 wà, àgbájọ ìràwọ̀ tí a ń pè ní gálásì, tí ó rí roboto bí ẹyin. Ojú lásán kò lè rí i. Charles Messier, ará Faransé, fi awò awọ̀nàjíjìn rí i ní 1781. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti rin nǹkan bí mílíọ̀nù 54 ọdún kí ó tó kàn wá lára.

M87 kò dá gbé. Gálásì tí ó yí i ká lé ní ẹgbẹ̀rún, òun sì wà láàárín wọn bí ìyálé nínú agbo ilé. Àwọn onímọ̀ sọ pé àwọn kéékèèké tí ó sún mọ́ ọn ni ó ń gbé mì tí ó fi tóbi tó bẹ́ẹ̀. Gálásì tiwa, tí oòrùn wa wà nínú rẹ̀, jìnnà sí àárín yẹn. Etí àwùjọ ńlá náà ni tiwa.

Arábìnrin kan lè wà létí bẹ́ẹ̀ láàárín wa. Ọkọ rẹ̀ kú, ẹbí pín ẹrù, kò sì wá sí ìpàdé mọ́. Àwa ní owó aṣọ ẹgbẹ́ ni kò rí san. Nígbà míì, àwa tí a tóbi nínú ẹgbẹ́ gan-an ni a gbé ohùn rẹ̀ mì. Ọlọ́run kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí Ó ti ń ka ìràwọ̀ kò dà bí ẹni ń ka owó. Orúkọ ni Ó fi ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti èyí tí ó wà láàárín àti èyí tí ó wà létí. Ọwọ́ kan náà ni Ó fi ń di ọgbẹ́ opó.

Ní ìpàdé tí ń bọ̀, kí akọ̀wé mú ìwé orúkọ wá. Kí a ka orúkọ àwọn tí a kò rí láti oṣù mẹ́ta, kí ènìyàn méjì-méjì sì lọ sí ilé wọn kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Ẹ má ṣe béèrè owó ẹgbẹ́ lọ́wọ́ wọn.