Ọjọ́ Ẹlẹ́wọ̀n Náà Ní Òṣùwọ̀n

Láti Apple Junction wa níhìn-ín, Kirikiri kò jìnnà. Ọgbà ẹ̀wọ̀n àwọn obìnrin wà níbẹ̀ pẹ̀lú ti àwọn ọkùnrin. Ìbéèrè tí a fẹ́ jọ gbé yẹ̀ wò nìyí: ẹni tó jẹ̀bi, tí adájọ́ sì ti rán lọ sẹ́wọ̀n, ǹjẹ́ ó tún lẹ́nu láti pe ìjọba lẹ́jọ́ pé wọn kò ka ọjọ́ òun bó ti yẹ?

Ọ̀pọ̀ nínú wa yóò ní, "Kí ló dé tí kò ronú kó tó jalè?" Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ asán, nítorí ẹni tí wọ́n jí ẹrù rẹ̀ gbé kò tíì gbàgbé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wò ó bí ọlọ́jà. Bí ẹnìkan bá jẹ wá ní owó ìrẹsì kóńgò mẹ́wàá, ẹ̀tọ́ wa ni kó san mẹ́wàá. Bí a bá gba mọ́kànlá, àwa náà ti di olè, bó ti wù kí onígbèsè náà burú tó.

Ìṣirò ọjọ́ ẹ̀wọ̀n kò sì rọrùn. Àwọn ènìyàn a máa wí pé oṣù mẹ́jọ ni ọdún kan lẹ́wọ̀n. Ohun tó wà nídìí rẹ̀ ni pé ẹlẹ́wọ̀n tó bá hùwà rere lè rí ìdá kan nínú mẹ́ta ọjọ́ rẹ̀ gbà padà. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2015 lórí ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn tún ní kí adájọ́ ka àkókò tí ènìyàn ti lò ní àtìmọ́lé mọ́ ìjìyà rẹ̀. Ibi tí ìṣirò bá pọ̀ tó báyìí, àṣìṣe kò ní ṣàìwà.

Ní ọdún 1996, obìnrin kan ń ṣẹ̀wọ̀n ọdún méjì ní Brockhill, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní wọn kò ka ọjọ́ òun bó ti yẹ, kóòtù sì gbà fún un: ó ti fi ọjọ́ 59 pẹ́ jù lẹ́wọ̀n. Ọ̀gá ẹ̀wọ̀n náà kò ṣèkà. Ohun tí kóòtù ti sọ tẹ́lẹ̀ ló tẹ̀ lé. Síbẹ̀, ní ọdún 2000, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ nígbà náà fi ọwọ́ sí i pé kí wọ́n san £5,000 fún un. Nílé wa, ní 1996 kan náà, Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn gbà nínú ẹjọ́ Nemi àti Agbẹjọ́rò Àgbà Ìpínlẹ̀ Èkó pé ẹni tí wọ́n dájọ́ ikú fún pàápàá ṣì lẹ́tọ̀ọ́ láti ké sí kóòtù.

Pọ́ọ̀lù pàápàá, ní Fílípì, kọ̀ láti yọ́ jáde lẹ́wọ̀n. Ó ní kí àwọn tó na òun láìgbọ́ ẹjọ́ wá mú òun jáde fúnra wọn.

Àwọn àgbà ní, bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, a ó fi ọ̀tún fà á mọ́ra. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kò tíì dé orí àánú. Ọjọ́ tó bá lé jẹ́ gbèsè, a kì í sì í pe gbèsè ní àánú.

Nítorí náà, nígbà tí a bá ń gbé ọṣẹ àti gààrì lọ sí Kirikiri, ẹ jẹ́ kí a tún bi wọ́n pé, "Ọjọ́ wo ni wọ́n kọ fún yín?" Bí kò bá dá wa lójú, kí a fi han lọ́yà tàbí Legal Aid Council. Ẹni tí kò ní ẹni tí yóò bá a ka ọjọ́, ẹ jẹ́ kí a bá a kà á.