Ta Ni Ó Dẹ́ṣẹ̀?



Mo mọ bàbá àgbà kan, àgbẹ̀ paraku, tí kì í pa Mísà ọjọ́ Ìsinmi jẹ. Nígbà tí ó yá, a kò rí i mọ́. Mo lọ bẹ̀ ẹ́ wò ní ilé, mo sì bá a tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n lórí orúnkún. Ó ní, “Fádà, ojú ń tì mí. Wọ́n ń sọ pé ohun tí mo ṣe ní kọ̀rọ̀ ni ó ń mú mi ní gbangba.” Ọ̀rọ̀ náà dùn mí púpọ̀. Àìsàn ń jẹ ẹ́ níyà, àwa aládùúgbò rẹ̀ sì tún gbé ìdájọ́ lé e lórí.

Ìbéèrè àtijọ́ ni èyí. Nígbà tí àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rí ọkùnrin tí a bí ní afọ́jú, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá òun ni ó dẹ́ṣẹ̀ tàbí àwọn òbí rẹ̀. Olúwa wa kò dá ẹnikẹ́ni nínú wọn lẹ́bi. Ó po amọ̀, ó sì la ojú ọkùnrin náà. Àwọn ń wá ẹlẹ́bi. Òun ń wá ìwòsàn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn oníṣègùn kan fún yín. Ní oṣù Agẹmọ ọdún 1982, ní ìlú San Jose ní California, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, a pe J. William Langston, oníṣègùn ọpọlọ àti iṣan, kí ó wá wo ọkùnrin kan tí kò lè rìn, tí kò lè sọ̀rọ̀, tí ó le gbagidi bí ère. Láìpẹ́ a rí àwọn mìíràn bẹ́ẹ̀. Àìsàn tí James Parkinson, oníṣègùn ní Lọ́ńdọ̀nù, ti kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 1817, tí a sábà máa ń rí lára àgbàlagbà, ni ó jọ pé ó mú wọn láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Oògùn olóró ni wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún ara wọn, ayédèrú heroin tí a ṣe ní ìkọ̀kọ̀. Ó rọrùn láti sọ pé àfọwọ́fà ni, kí a sì kọjá lọ. Langston kò kọjá lọ. Ó fún wọn ní oògùn tí ó mú kí ara wọn tún mira, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì wádìí títí wọ́n fi rí májèlé tí a ń pè ní MPTP. Wọ́n kéde rẹ̀ ní ọdún 1983. Bí ó bá dé inú ọpọlọ, yóò yí padà, yóò sì pa àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń pèsè dopamine, ohun tí ń jẹ́ kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ gbọ́ràn sí wa lẹ́nu.

Ohun tí MPTP yí padà sí nínú ọpọlọ jọ paraquat, oògùn tí àgbẹ̀ fi ń pa koríko. Nígbà náà ni ìbéèrè ńlá dé: ṣé ohun tí a ń fín sí oko lè fa àìsàn yìí? Langston fi iṣẹ́ ayé rẹ̀ tẹ̀ lé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1999, òun àti Caroline Tanner pẹ̀lú àwọn mìíràn ṣe ìwádìí lórí àwọn ọkùnrin ìbejì tí iye wọn sún mọ́ 20,000. Láàárín àwọn tí àìsàn náà bẹ̀rẹ̀ lára wọn lẹ́yìn 50 ọdún, àwọn ìbejì tí wọ́n jọra délẹ̀ kò jọ ní in ju àwọn ìbejì yòókù lọ. Ìran nìkan kò tó láti ṣàlàyé rẹ̀. Ní ọdún 2011, Tanner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé láàárín àwọn tí wọ́n ti lo paraquat tàbí rotenone ní oko, àìsàn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì àti ààbọ̀ ti àwọn tí kò lò ó.

Èyí kò fi hàn pé oògùn koríko ni ó mú gbogbo ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ìran ní ipa tirẹ̀ lára àwọn kan, ọjọ́ orí pẹ̀lú. Àwọn ọ̀mọ̀wé sì ń jiyàn síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ ó yẹ kí ẹlẹ́rìí-ọkàn dúró dìgbà tí àríyànjiyàn bá parí? Àwọn olùkọ́ ìwà rere nínú Ìjọ ti fi ọdẹ ṣe àpẹẹrẹ fún wa láti ìgbà pípẹ́: bí igbó bá mì, tí ọdẹ kò sì mọ̀ bóyá ẹran ni tàbí ènìyàn, kò gbọdọ̀ yìnbọn. Iyèméjì kò dá a láre. Iyèméjì gan-an ni ó dè é lọ́wọ́.

Àjọ NAFDAC ti fi òfin de paraquat ní Nàìjíríà láti ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ọdún 2024. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin kò lè fi ìbọ̀wọ́ sí ọwọ́ ọmọ tí o gbà síṣẹ́ láti fín oògùn mìíràn sí oko rẹ. Ìwọ ni yóò fi í síbẹ̀. Òfin kò lè dúró létí odò kí ó máa ṣọ́ ẹni tí ń ṣan agolo oògùn sínú omi tí ọmọ ẹlòmíràn yóò mu. Ẹ̀rí-ọkàn rẹ ni yóò ṣọ́ ọ. Ẹni tí ó bá fi ìlera ọmọnìkejì dín owó iṣẹ́ kù, ẹ má jẹ́ kí ó sọ pé òun kò mọ̀.

Bàbá wa padà sí Mísà. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n síbẹ̀, nítorí náà ahọ́n ni ó fi ń gba Ara Olúwa. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀, ẹ má ṣe bèèrè ta ni ó dẹ́ṣẹ̀. Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn, ẹ sì fi àyè sílẹ̀ fún un lórí àga yín.

Kí Ọlọ́run Olódùmarè bùkún yín, Baba, àti Ọmọ, àti Ẹ̀mí Mímọ́. Àmín.