Ta Ló Sọ Pé Òkè Ni Òkè?

Ní ọjọ́ Sátidé kan nígbà ìsinmi Àjíǹde, mo ṣẹ àbúrò mi. N kò lù ú, n kò bú u. Ohun tí mo ṣe kò ju pé mo tẹ bọ́tìnì mélòó kan lọ, síbẹ̀ n kò tíì ṣe ohun tó dùn ún tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ̀gbọ́n màmá wa tó ń gbé ní Peckham, ní ìlú London, ló fi Nintendo Switch kan ránṣẹ́ sí wa. Àlòkù ni, igun rẹ̀ kan ti ha, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ géèmù tí a ń gbé lọ́wọ́ ni: ojú rẹ̀ wà láàárín, ibi tí a ti ń dì í mú wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ọ̀pá kékeré kan sì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan tí àtàǹpàkò ń tì. Ánálọ́ọ̀gì ni àwa ọmọ ilé ìwé ń pe ọ̀pá yìí. Kò dà bí bọ́tìnì tí kò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́ lọ. Bí o bá rọra tì í, ọmọ inú géèmù á máa rìn jẹ́jẹ́. Bí o bá tì í dópin, á sáré. Nínú géèmù tí àwa ń ṣe, ti apá òsì ni a fi ń rìn, ti apá ọ̀tún ni a fi ń wo àyíká.

Ọ̀rọ̀ wíwo òkè àti wíwo ilẹ̀ ló dá ìjà sílẹ̀. Bí èmi bá ti ánálọ́ọ̀gì ọ̀tún síwájú, mo fẹ́ kí ojú lọ sókè. Bí àbúrò mi bá tì í síwájú, ó fẹ́ kí ojú lọ sílẹ̀. Inú sẹ́tíǹgì ni a ti ń yan èyí tó bá wù wá. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni àbúrò mi, ọlọ́wọ́ òsì sì ni. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i tó yí i padà, mo ní, "O ti dorí ayé kodò." Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ gbé ọwọ́ lé mi lórí." Mo gbé e lé e. Ó ní kí n ti orí òun síwájú. Mo tì í, ojú rẹ̀ ń wo ilẹ̀. Ó ní kí n fà á sẹ́yìn. Mo fà á, ojú rẹ̀ ń wo àjà. "Ṣé ẹ ti rí i báyìí?"

Mo rí i. Bí àwọn awakọ̀ òfurufú náà ṣe ń ṣe nìyẹn: bí wọ́n bá fa ọ̀pá ìdarí sọ́dọ̀ ara wọn, imú ọkọ̀ á gbéra sókè, bí wọ́n bá tì í síwájú, imú á wolẹ̀. Mo rí i, ṣùgbọ́n n kò gbà. Rírí yàtọ̀ sí gbígbà, pàápàá bó bá jẹ́ pé ẹni tó kéré sí ni ló ń ṣàlàyé.

Ní ọjọ́ Sátidé yẹn, ó ti ń bá ẹranko ńlá kan jà láti àárọ̀, ó sì kù díẹ̀ kó borí rẹ̀. Màmá wa pè é pé kó wá fọ abọ́. Bó ṣe jáde báyìí, mo yí sẹ́tíǹgì padà sí tèmi. Nígbà tó dé tó rí i pé ọwọ́ òun ò gbọ́ràn sí òun lẹ́nu mọ́, ó bi mí bóyá mo fọwọ́ kàn án. Mo ní rárá. Ẹ̀ẹ̀méje ni ẹranko náà pa á. Lẹ́yìn èkeje, ó gbé ẹ̀rọ náà sílẹ̀, ó wo ọwọ́ òsì rẹ̀, ó ní, "Bóyá nítorí ọwọ́ mi yìí náà ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni n kò lè gbé mì. Ọwọ́ òsì rẹ̀ kò tilẹ̀ ní í ṣe pẹ̀lú ohun tó ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ilé ìwé tó kọ́kọ́ lọ, olùkọ́ kan máa ń fi rúlà gbá ẹ̀yìn ọwọ́ náà nígbàkígbà tó bá fi kọ̀wé. Láti ìgbà yẹn, ohunkóhun tó bá ti bà jẹ́, ọwọ́ náà ló kọ́kọ́ máa ń fura sí.

Mo wá ń bi ara mi léèrè: kí ni ọ̀nà tó tọ́, ta ló sì ń sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀?

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo ń bá àṣà wa jà. Àwọn àgbà ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni, mo sì fara mọ́ ọn. Bí mo bá ń fún àgbàlagbà ní nǹkan, ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ń fún un, àbúrò mi náà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé ẹni méjì ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ọwọ́ tí mo nà jẹ́ ọ̀rọ̀ tí mo ń sọ fún ẹni tó ń gbà á, òun ló sì máa túmọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ọmọ ń bá sọ̀rọ̀ nígbà tó bá di bírò mú? Lẹ́tà á tó lẹ́tà á jáde lórí ìwé, olùkọ́ á kà á, kò sì ní mọ ọwọ́ tó kọ ọ́.

Ẹ wo ọ̀nà mọ́tò. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972, gbogbo ọkọ̀ ní Nàìjíríà kúrò lápá òsì títì, wọ́n bọ́ sápá ọ̀tún. Apá ọ̀tún kò mọ́ ju apá òsì lọ. Títí di òní, apá òsì ni wọ́n ń gbà ní London tí ẹ̀gbọ́n màmá wa wà. Àmọ́ orílẹ̀-èdè kan kò lè ní kí oníkálùkù yan apá tó wù ú, nítorí pé ẹni tó yan tirẹ̀ á fi orí sọ ẹni tó ń bọ̀. Níbẹ̀, ọ̀nà kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ wà, kí ẹni tí kò bá sì bá lára mu fara dà á. Ánálọ́ọ̀gì tó wà lábẹ́ àtàǹpàkò àbúrò mi kò lè kọlu ẹnikẹ́ni.

Ohun mìíràn tó yà mí lẹ́nu ni bí ohun tí à ń pè ní "bó ṣe yẹ kó rí" kò ṣe pẹ́ láyé. Ní ọdún 2000, wọ́n ṣe géèmù kan tó ń jẹ́ Alien Resurrection fún PlayStation. Ánálọ́ọ̀gì òsì fún rírìn, ti ọ̀tún fún wíwò: bí a ṣe ń ṣe é lónìí gẹ́lẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣe àyẹ̀wò géèmù nígbà náà bẹnu àtẹ́ lù ú gan-an pé ó ṣòro darí. Ohun tí wọ́n fi bú géèmù yẹn lèmi wá sọ di òfin fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án.

Ó sì ní ẹni tó máa ń san owó ohun tí a bá pè ní ti gbogbo ayé. Nintendo 3DS tó jáde ní ọdún 2011 kò ní ju ìdarí àtàǹpàkò bẹ́ẹ̀ kan lọ, apá òsì ni wọ́n sì fi sí. Nígbà tí Kid Icarus: Uprising jáde ní ọdún 2012, ọwọ́ òsì ni a fi ń darí ìrìn, ọwọ́ ọ̀tún á sì di gègé mú láti máa fi tọ́ka sójú ẹ̀rọ. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọwọ́ òsì di gègé mú ní láti ra ohun èlò kan tí wọ́n ń tà lọ́tọ̀, tí a ń so mọ́ ara ẹ̀rọ náà, kí ó tó lè ní ìdarí lápá ọ̀tún. Àwọn tó ṣe é ronú kan ọlọ́wọ́ òsì, ẹ jẹ́ ká fún wọn níyẹn. Ṣùgbọ́n ọlọ́wọ́ ọ̀tún kò san kọ́bọ̀ kún owó tirẹ̀.

Màmá wa kò gba ọ̀rọ̀ mi wọlé pátápátá. Aránṣọ ni wọ́n. Wọ́n ní ayé ò ní yí sẹ́tíǹgì rẹ̀ padà nítorí ọmọ kankan, kó yáa tètè kọ́ ọ. Wọ́n ní ọmọ iṣẹ́ kan wà lọ́dọ̀ àwọn tó jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì, àlùmọ́gàjí tí gbogbo èèyàn ń lò lòun náà ń lò, ó sì ń gé aṣọ dáadáa. N kò lè sọ pé irọ́ ni wọ́n pa. Bí àbúrò mi bá dé ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó bá géèmù tí wọn ò jẹ́ kó yí padà, ohun tó bá mọ̀ ọ́n ṣe náà ló máa ṣe. Ṣùgbọ́n mo bi wọ́n pé ṣé ọwọ́ kì í dun ọmọ iṣẹ́ náà. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Ó máa ń wé àkísà mọ́ àtàǹpàkò."

Mo rò pé ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ wà. Bí ìyípadà kò bá ṣeé ṣe, tàbí tó bá máa pa ẹlòmíràn lára, kí a kọ́ ọmọ ní ìfaradà. Àmọ́ níbi tó jẹ́ pé kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, tí a kọ̀ tí a ò ṣe é, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀kọ́ mọ́. Agbára ni à ń fi hàn án. Èmi tilẹ̀ ṣe ju agbára lọ, nítorí mo purọ́ tì í. Ká ní mo sọ fún un pé, "Èmi ni mo yí i, èmi ni ẹ̀gbọ́n," ì bá bínú sí mi, ìbínú náà ì bá sì wà níbi tó yẹ kó wà. Nítorí pé mo bo ohun tí mo ṣe mọ́lẹ̀, ara rẹ̀ ló yí ìbínú náà sí.

Mo jẹ́wọ́ fún un lálẹ́ ọjọ́ náà. Kò rọrùn kí ẹ̀gbọ́n bẹ àbúrò; n kò mọ ibi tí mo máa fi ojú sí. Kò dá mi lóhùn títí ó fi sùn. Ní àárọ̀, òun ló mú àbá wá: ẹni tó bá ti ṣe tirẹ̀ tán ni kó yí sẹ́tíǹgì sí ti ẹnì kejì kó tó gbé ẹ̀rọ náà fún un. Mo ní ṣé kì í ṣe ẹni tó fẹ́ lò ó ló yẹ kó yí i fúnra rẹ̀. Ó ní rárá, bí ẹni tó ń fún èèyàn ní ọ̀bẹ ṣe máa ń yí èèkù sí i ni. A ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìgbà náà. Mo máa ń gbàgbé nígbà mìíràn, òun kì í gbàgbé.

Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, Màmá wa jókòó tì wá, wọ́n ní ká gbé e wá kí àwọn náà wò ó. Tèmi ló wà lórí rẹ̀. Wọ́n ti ánálọ́ọ̀gì ọ̀tún síwájú, ojú lọ sókè, ó dojú kọ ọ̀run. "Kí ló ń wo òkè fún?" ni wọ́n wí. "Ṣebí mo ní kó tẹrí ba ni."

Àbúrò mi wò mí, èmi náà wò ó. Ó na ọwọ́ ọ̀tún, ó gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ wọn, ó wọ inú sẹ́tíǹgì, ó yí i, ó sì gbé e padà fún wọn.