Ẹsẹ̀ Tí Ń Sọ̀rọ̀ Lẹ́nubodè

Bí arìnrìn-àjò bá pa ẹnu mọ́ níwájú aṣọ́bodè, ǹjẹ́ irọ́ ni ó pa? Ní pápá ọkọ̀ òfurufú Heathrow, ẹni tí ó ń ti Èkó padà sílé rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù yóò gba ọ̀nà pupa bí ó bá ní ohun tí ó yẹ kí ó fi hàn. Bí kò bá ní, yóò gba ọ̀nà aláwọ̀ ewé. Òfin ibẹ̀ kò gba ẹran láti Nàìjíríà. Síbẹ̀, àwọn kan a di ẹran ìgbẹ́ sáàárín aṣọ, wọn a gba ọ̀nà aláwọ̀ ewé, wọn a ní: “Ta ni ó bi mí léèrè?”

Èmi kò gba àwíjàre yìí. Àwọn baba wa tí ń pàrokò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kì í ṣe ti ẹnu nìkan. Bí owó ẹyọ tí a so kojú síra bá lè jíṣẹ́, ẹsẹ̀ náà lè purọ́.

Òùngbẹ adùn ilé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n àrùn ẹran ọ̀sìn lè bá ẹran rìnrìn àjò. Ní ọdún 2001, nígbà tí àrùn ẹnu-àti-pátákò jà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹran ọ̀sìn tí wọ́n pa lé ní mílíọ̀nù 6. N kò dì í ru ọmọ Yorùbá. Ohun tí mo ń wí ni pé àgbẹ̀ tí a kò rí ni irọ́ wa lè pa lára.

Ọmọlúàbí kì í dúró kí a tú ẹrù rẹ̀ kí ó tó jẹ́wọ́ ohun tí ó wà nínú rẹ̀.