Ta Ni Yóò Kọ́kọ́ San Owó Ohun Rere?



Bí ẹnì kan bá gbẹ́ kànga sí àárín àdúgbò, gbogbo àdúgbò ni yóò mu omi rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tí ó gbẹ́ ẹ nìkan ni yóò bó. Ǹjẹ́ ó tọ́ kí ẹni tí ó ṣe ohun tí yóò ṣe gbogbo ènìyàn ní àǹfààní dá ìnáwó rẹ̀ gbé? Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀ràn ọkọ̀ tí kì í tú èéfín yẹ ìbéèrè yìí wò.

Ní 1989, àwọn kan nínú ẹgbẹ́ Bellona, tí ń jà fún ìtọ́jú àyíká ní ilẹ̀ Nọ́wè, pẹ̀lú àwọn olórin a-ha, mú ọkọ̀ Fiat Panda kékeré kan wọ ìlú, èyí tí a ti yí padà láti máa fi iná mànàmáná rìn. Wọ́n ń wà á kiri Oslo, wọ́n sì kọ̀ láti san owó ibodè ojú ọ̀nà, nítorí pé ọkọ̀ náà kò ba afẹ́fẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ́. Ìjọba gba ọkọ̀ náà, ó sì tà á ní gbàǹjo.

Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ wọn kò ṣubú lulẹ̀. Ní 1990, ìjọba mú owó orí tí a ń san lórí ríra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wọlé kúrò. Ní 1997, ó mú owó ibodè náà kúrò. Ní 2001, ó mú owó orí ọjà kúrò pẹ̀lú. Ọkọ̀ tí ń jó epo ni ó di ẹrù náà lé lórí. Nígbà tí yóò fi di 2024, nínú ọkọ̀ tuntun mẹ́wàá tí a tà níbẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́sàn-án tí kò lo nǹkan mìíràn ju iná mànàmáná lọ. Agbára omi ni ó sì ń pèsè èyí tí ó pọ̀ jù nínú iná wọn.

Ẹnì kan lè wí pé: “Olówó tí ó lè ra ọkọ̀ tuntun ni a ràn lọ́wọ́, kí ni ti tálákà tí ń wọ bọ́ọ̀sì?” Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ìrànlọ́wọ́ tí kò ní òpin a máa di ogún ẹni tí kò ṣe aláìní. Nítorí náà ni Nọ́wè fi dá owó orí ọjà padà ní 2023 sórí iye tí ó bá ju 500,000 krone lọ. Ẹ má sì jẹ́ kí a gbàgbé pé epo rọ̀bì tí wọ́n ń tà fún ayé wà lára ohun tí ó sọ wọ́n di ọlọ́rọ̀. Ẹni tí ó gbá ojúde tirẹ̀ mọ́ kò tíì bọ́ lọ́wọ́ ẹjọ́ èéfín tí ó tà fún ẹlòmíràn.

Lójú tèmi, ìhùmọ̀ tuntun dà bí ọmọ ọwọ́. Ó tọ́ kí a pọ̀n ọ́n. Nígbà tí ó bá lè rìn, ó tọ́ kí a sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí ẹ̀yìn lè ṣí sílẹ̀ fún ẹlòmíràn tí kò lè rìn. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin oníṣẹ́-ọwọ́ kan ní àdúgbò wa bá ń gbìyànjú ohun tí yóò dín èéfín kù, ẹ má ṣe fi í ṣe ẹlẹ́yà nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ wọ́n díẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Afẹ́fẹ́ tí òun yóò wẹ̀ mọ́, àwa náà ni yóò mí in. Ǹjẹ́ kí ni ìpín tiwa nínú owó kànga náà?