Ìbọn Tí A Jogún

Nígbà tí baba wa re ibi àgbà ń rè, tí àwọn àgbà ẹbí sì jókòó láti pín ogún, ilẹ̀ oko, ilé àti aṣọ ni ó rí olówó láìsí awuyewuye. Ohun kan ṣoṣo ni kò ṣeé pín: ìbọn ògbólógbòó kan tí ó ti wà lórí àjà láti ayé baba baba wa. Àwa ọmọ mẹ́rin ni a jọ jogún rẹ̀. Ìbọn kò ṣeé gé sí mẹ́rin, ṣùgbọ́n ìtàn rẹ̀ kárí gbogbo wa, nítorí òun ni a ti fi ń yangàn láti kékeré.

Ìtàn náà kò gùn. Wọ́n ní nígbà tí ogun Dàhòmì fọ́ Kétu ní 1886, baba baba wa já ìbọn yìí gbà lọ́wọ́ jagunjagun kan, ó sì gba inú igbó lọ. Ogun ni ó mú un wá, ó di ogún fún wa, ọdọọdún ni a sì ń gbé e kalẹ̀ níwájú Ògún, tí àwọn obìnrin ilé ń kì wá ní ọmọ ẹni tí ó gba ìbọn lọ́wọ́ ọ̀tá.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ọ̀kan nínú wa fi epo àti àkísà nu irin ìdí ìbọn náà. Ó rí orúkọ Saint-Étienne, níbi tí àwọn Faransé ti ń rọ ohun ìjà, ó sì rí «Mle 1886». Ayọ̀ wa kún, irin fúnra rẹ̀ ti jẹ́rìí! Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ baba wa kan tí ó ti ṣe ológun rí wò ó, wọ́n sì mi orí. Wọ́n ní 1886 kì í ṣe ọdún tí a gba ìbọn náà ní Kétu; orúkọ irú rẹ̀ ni, ìbọn tí à ń pè ní Lebel, tí àwọn ọmọ ogun Faransé ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí lò nígbà náà. Wọ́n tún fi ìka tọ́ ibi tí a kò nù dáadáa: «M. 93». Àtúnṣe ọdún 1893 ti wà lára rẹ̀. Ìbọn tí a tún ṣe lẹ́yìn ogun kò lè jẹ́ ìkógun ogun náà. Ohun tí a pè ní ẹ̀rí ni ó tú wa láṣìírí.

A lọ bá àbúrò baba wa obìnrin, ọmọ ìkẹyìn baba náà, tí wọ́n ṣì wà láyé. Ìyá gbọ́ wa tán, wọ́n dákẹ́ pẹ́. Wọ́n ní: «Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jókòó. Mo ti ń retí ẹni tí yóò béèrè.»

Baba wọn kò já ìbọn gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọmọdé ni wọ́n nígbà tí Kétu fọ́; a de tọmọ-tìyá lókùn, a sì kó wọn lọ sí Àgbómẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n wà títí àwọn Faransé fi wọ ìlú náà ní 1892, tí àwọn ará Kétu tí ó ṣẹ́ kù sì rí ọ̀nà padà láti tún ìlú wọn tẹ̀ dó. Ẹni tí ó tú wọn sílẹ̀ ni wọ́n sìn: wọ́n di akọ̀dà kọmáńdà. Nígbà ogun 1914 sí 1918, tí Faransé ń fi tipátipá wá ọ̀dọ́mọkùnrin tí yóò sọ di tirailleurs, tí àwọn ará Ọ̀họ̀rí dìtẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń sá gba ẹnubodè lọ sí apá tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso, bàbá gbé ìbọn yìí kọ́ èjìká lọ sí abúlé kan, wọ́n sì mú ọmọkùnrin kan wá. Ọmọ náà kò padà mọ́. Nígbà tí bàbá fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n sọ fún kọmáńdà pé ìbọn bọ́ sódò. Ìyá dárúkọ ilé tí ọmọ náà ti jáde. A wo ara wa lójú. Ilé ọkọ àbúrò wa ni.

Ìbéèrè tí ó dúró níwájú wa nìyí: kí ni ọmọ ń jogún nínú ohun tí baba ṣe?

Ẹnìkan nínú wa ní àwa kọ́ ni a mú ọmọ ọlọ́mọ. Òótọ́ ni. Èkejì ní bàbá pàápàá wà lábẹ́ àṣẹ, ẹni tí a fi okùn dè rí ni a fi okùn lé lọ́wọ́ láti de ọmọ ẹlòmíràn. Òótọ́ ni ìyẹn náà. Ṣùgbọ́n mímọ ìdí ọ̀ràn kò pa ọ̀ràn rẹ́.

Àṣà wa ni ó là wá lójú. Ẹni tí ó bá wọn pín oko baba kò lè ní òun kò mọ gbèsè baba. Láyé ìwọ̀fà, ọmọ a máa sin gbèsè tí kò jẹ. A kò fẹ́ kí ayé náà padà, nítorí ó ni ọ̀pọ̀ ọmọ lára. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí ó pe ọmọ ìwọ̀fà ní ọ̀daràn. Gbèsè ni ó jogún, kò jogún ẹ̀bi. Ẹ̀bi a máa bá ẹni tí ó ṣe é wọ sàréè. Gbèsè a máa dúró de ẹni tí ń jẹ nínú ogún. Àwa sì ti jẹ nínú ogún yìí pẹ́, oríkì ni a jẹ. Bí ojú kò bá tì wá láti gba ìyìn ogun tí a kò jà, ẹnu wo ni a ó fi sọ pé ìwà tí a kò hù kò kàn wá?

Gbèsè náà kì í ṣe owó. Òtítọ́ ni. Àwọn kan nínú ẹbí ní kí a ri ìbọn mọ́lẹ̀, kí a máa bá àna wa gbé ní àlàáfíà. Ṣùgbọ́n bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. A sì rò pé ó sàn kí ó bá a lẹ́nu wa ju kí ó bá a lẹ́nu ẹlòmíràn lọ.

A mú àwọn àgbà dání, a lọ. Baálé ilé náà fetí sílẹ̀ títí a fi sọ̀rọ̀ tán. Wọ́n ní: «Àwọn ìyá wa sọ fún wa pé akọ̀dà ni ó mú un. Wọn kò sọ ilé tí akọ̀dà náà ti wá.» Lẹ́yìn náà, ohun méjì ni wọ́n béèrè: kí a má ri ìbọn náà mọ́lẹ̀, kí a má sì gbé e kalẹ̀ mọ́ bí ohun ìyangàn, àti pé bí a bá ń dárúkọ àwọn òkú wa lọ́dọọdún, kí a máa dárúkọ ọmọ wọn pẹ̀lú. A gbà. Àwọn ọ̀dọ́ ilé náà kan dìde láìkí wa, àbúrò wa sì sọ pé títí di òní, ọ̀rọ̀ òun pẹ̀lú àwọn kan níbẹ̀ kò tíì padà sí bí ó ti wà. A kò lè sọ pé òtítọ́ kò ná wa ní nǹkan. Òun ni ó sì ń ná ju àwa lọ, ẹni tí kò sí níbi tí a ti pinnu. Ìyẹn náà ti di gbèsè tí àwa fúnra wa jẹ.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní Àjàṣẹ́, ọ̀pọ̀ ilé ni ó ní ohun kan lórí àjà tí ìtàn rẹ̀ dùn jù. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹ béèrè nígbà tí ìyá àgbà ṣì wà tí yóò dáhùn. Ní ọdún tí ó kọjá, nígbà tí àwọn obìnrin ilé fẹ́ kì wá bí ti àtẹ̀yìnwá, Ìyá dá wọn dúró. Wọ́n ní kí wọ́n kì wá ní ọmọ ẹni tí a dè tí ó padà wálé, kí wọ́n sì dárúkọ ẹni tí kò padà tẹ̀lé e.