Ṣé Ó Yẹ Ká Fi Àṣẹ́kù Òwú Tọrẹ?

Kò sí ẹni tó ń hun kíróṣé tí òwú kì í ṣẹ́ kù sí lọ́wọ́. Bí súẹ́tà ọmọ tuntun bá parí, ìdajì ìdì òwú aláwọ̀ ewé á kù. Bí ìbòrí àga bá parí, funfun díẹ̀ á kù. Tó bá yá, àpò ọ̀rá kan á kún fún òwú wẹ́wẹ́ tí kò sí èyí tó tó fìlà kan ṣe nínú wọn. Ọ̀pọ̀ olùhun ló ń so wọ́n pọ̀ di bùláńkẹ́ẹ̀tì, ìborùn, aṣọ àwọ̀sókè tàbí aṣọ tìmùtìmù, tí wọ́n á sì fi ta ìyá ìkókó, opó tàbí ilé ìjọsìn lọ́rẹ. Ìbéèrè ẹ̀sìn kan wà nídìí àṣà yìí tí a kì í sábà dúró yẹ̀ wò: ṣé ohun tí a fi àṣẹ́kù ṣe yẹ ní ohun tí èèyàn ń fi tọrẹ? Àwọn kan á ní ó yẹ, torí pé ẹ̀ṣẹ̀ ni ìfiṣòfò. Àwọn mìíràn á ní kò yẹ, torí pé àkọ́so ni Ọlọ́run ń gbà lọ́wọ́ ẹni. Lójú tèmi, òwú ni àwọn méjèèjì ń wò, bẹ́ẹ̀ òwú kọ́ ni ọrẹ náà. Àkókò àti àfiyèsí ẹni tó hun ún ló ń sọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ di ẹ̀bùn. Bí ìyẹn bá jẹ́ ojúlówó, àṣẹ́kù òwú kò bu ẹ̀bùn náà kù; bí ìyẹn pẹ̀lú bá jẹ́ àṣẹ́kù, òwú tó wọ́n jù lọ lọ́jà kò lè gbà á sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀ ìṣọ́wóná wò, torí òun ló wọ́pọ̀ jù lẹ́nu. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi kúpọ́ọ̀nù díwọ̀n aṣọ fún ará ìlú ní oṣù kẹfà ọdún 1941, òwú ìhunṣọ náà sì di ohun tí kúpọ́ọ̀nù ń rà. Ní 1943, wọ́n tẹ ìwé pélébé kan jáde, Make Do and Mend, tó ń kọ́ àwọn ará ilé bí wọ́n ṣe lè sọ ògbólógbòó aṣọ dọ̀tun. Àwọn èèyàn ń tú súẹ́tà tó ti há mọ́ ọmọ lára, wọ́n ń fọ òwú rẹ̀, wọ́n ń nà án kó lè tọ́, wọ́n sì ń tún un hun di ìbọ̀wọ́ àti ìbọ̀sẹ̀. Ní 1949, ìjọba fòpin sí dídíwọ̀n aṣọ. Láti ọjọ́ yẹn, ẹni tó bá ń tú súẹ́tà ní láti wá ìdí mìíràn, nítorí ọgbọ́n tí ọ̀dá bá mú wá, ọ̀dá ló máa ń mú un lọ. Lónìí, bùláńkẹ́ẹ̀tì tí ẹ̀rọ ṣe wà lórí àtẹ ní owó pọ́ọ́kú, nígbà tí èyí tí a fọwọ́ hun lè gba ìrọ̀lẹ́ ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Bí ó bá jẹ́ owó nìkan la fẹ́ fi wọ̀n ọ́n, ẹni tó da àṣẹ́kù òwú nù tó sì fi wákàtí rẹ̀ ṣòwò ló jèrè. Ìṣọ́wóná dára, ṣùgbọ́n ẹrù tí a dì lé e lórí yìí ju agbára rẹ̀ lọ.

Àtakò àwọn tó ń béèrè àkọ́so lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ìwé Málákì, orí kìíní, wòlíì náà bínú sí àwọn tó ń mú ẹran afọ́jú, arọ àti aláìsàn wá sórí pẹpẹ, ó sì pè wọ́n níjà pé kí wọ́n gbé irú ẹran bẹ́ẹ̀ lọ fún gómìnà wọn, kí wọ́n wò ó bóyá inú rẹ̀ á dùn. Nínú Al-Kùránì, Súrà kejì, ẹsẹ 267, a kìlọ̀ fún onígbàgbọ́ pé kó má ṣe ṣa èyí tí kò dára nínú ohun ìní rẹ̀ fi tọrẹ, èyí tí òun fúnra rẹ̀ kò ní gbà àfi tó bá di ojú. Súrà kẹta, ẹsẹ 92, tilẹ̀ fi kún un pé ọwọ́ kò lè tẹ òdodo láìjẹ́ pé a ná nínú ohun tí a fẹ́ràn. Ẹ̀sìn méjèèjì fohùn ṣọ̀kan: Ọlọ́run kì í ṣe ààtàn, aláìní náà kì í ṣe ààtàn. Ta wá ni olùhun tó fẹ́ kó òwú inú àpò ọ̀rá jáde, kó sì pe iṣẹ́ ọ̀hún ní ọrẹ?

Ẹ jẹ́ ká béèrè ohun tó burú gan-an nínú ẹran arọ. Ohun tó burú ni pé ẹni tó mú un wá kò fi nǹkan kan sílẹ̀. Ó ti fẹ́ mú ẹran náà kúrò lọ́nà tẹ́lẹ̀. Pẹpẹ kàn bá a gbé ìnira rẹ̀ ni. Ìdánwò tí ìwé mímọ́ méjèèjì gbé kalẹ̀ jọra: ṣé ìwọ náà á gbà á, kí ló sì ná ọ? Ẹni tó bá gbé àpò òwú wẹ́wẹ́ lọ jù sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ọmọ aláìníyàá, kó lè rí àyè nínú kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀, ti mú ẹran arọ wá, kódà bí òwú náà bá jẹ́ irun àgùntàn tó jọjú. Ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó ti òwú kan náà títí ó fi di ìborùn tí òun náà lè fi jáde, ohun tí kò sí nínú àpò nígbà tí ó ṣí i ló fi sílẹ̀. Kì í ṣe ìyókù ọjọ́ rẹ̀ ló fi ṣe é. Ọjọ́ rẹ̀ gan-an ni.

A lè rí èyí kedere bí a bá wo ọwọ́ níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn tó ń hun àṣẹ́kù fẹ́ràn igun mẹ́rin kékeré tí a ń so pọ̀ di bùláńkẹ́ẹ̀tì. Olùhun á ṣe ṣéènì mélòó kan, á so orí mọ́ ìdí kó di òrùka, á wá hun ojú mẹ́tamẹ́ta yí òrùka náà ká, á sì fi àlàfo ṣéènì sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí òwú pupa bá tán, á so yẹ́lò mọ́ ọn, á tún yí i ká. Ibi tí iṣẹ́ pọ̀ sí nìyẹn. Bí òwú kejì bá nípọn ju ti àkọ́kọ́ lọ, etí iṣẹ́ á máa rú jọ. Bí ó bá tín-ín-rín jù ú lọ, àárín rẹ̀ á kó sókè bí orí fìlà. Irun àgùntàn a máa súnkì nínú omi gbígbóná ju òwú inú oko lọ, nítorí náà ẹni tó bá pa wọ́n pọ̀ láìrò ó, ọjọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ fọ iṣẹ́ náà ni àṣírí á tú. Ibi gbogbo tí àwọ̀ bá ti yí padà sì ni orí òwú méjì ti ń fì, tí a gbọ́dọ̀ fi abẹ́rẹ́ tì wọ inú ojú iṣẹ́, ká tún dá a padà, kó má bàa já sílẹ̀. Bùláńkẹ́ẹ̀tì tó ní igun mẹ́rin 100, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ mẹ́rin, ní orí òwú 800. Wàhálà òwú tuntun aláwọ̀ kan kéré sí èyí gan-an. Àṣẹ́kù tí a rò pé ó rọrùn ló ń béèrè jù lọ́wọ́ ẹni. Kò sì tíì sí ẹ̀rọ tó ń hun kíróṣé gidi fún ọjà. Ẹ̀rọ lè hun ohun tó jọ ọ́, ṣùgbọ́n nígbàkigbà tí a bá rí ojúlówó rẹ̀ lọ́jà, ọwọ́ èèyàn kan ló ti kọjá lára rẹ̀.

Ìtàn pẹ̀lú jẹ́rìí sí i pé ọwọ́ ló ni iyì náà. Nígbà tí ìyàn ńlá mú ní Ireland láti 1845, àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn wà lára àwọn tó kọ́ obìnrin àti ọmọdébìnrin ní híhun léèsì kíróṣé, kí wọ́n lè rí nǹkan jẹ. Òwú lásán ni wọ́n ń lò, kò wọ́n. Síbẹ̀, léèsì wọn dé ọrùn àwọn olówó ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù àti Paris. Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, orí kẹsàn-án, nígbà tí Dọ́kásì kú ní Jópà, àwọn opó dúró ti Pétérù, wọ́n ń sunkún, wọ́n sì ń fi ẹ̀wù tí obìnrin náà dá fún wọn hàn án. Ẹni tó kọ ìtàn náà kò sọ irú aṣọ tó jẹ́ tàbí iye tí wọ́n rà á. Ohun tó kà sí ẹ̀rí ni pé Dọ́kásì ló ṣe é nígbà tó wà lọ́dọ̀ wọn. Kò yani lẹ́nu pé orúkọ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ obìnrin nínú ìjọ ń jẹ́ títí dòní.

Yàtọ̀ sí èyí, àwọn ẹ̀sìn ayé kò fìgbà kan gbà pé ìyókù kò ní ipò. Òfin Léfítíkù 19 àti Diutarónómì 24 pàṣẹ fún olóko pé kó má kórè dé ìkángun oko, kó má sì padà wá ìtí tó gbàgbé. Ti àlejò, ti aláìníbaba àti ti opó ni. Rúùtù pèéṣẹ́ nínú oko Bóásì títí di ìrọ̀lẹ́, ó pa ọkà náà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìwọ̀n éfà kan. Ẹ kíyè sí i pé Bóásì sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fa díẹ̀ yọ sílẹ̀ fún un: ìyókù tí a fi ọkàn sí ni. Àwọn mọ́ńkì ẹ̀sìn Búdà ayé àtijọ́ a máa ṣa àkísà lórí ààtàn, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á pa á láwọ̀, wọ́n á sì rán an pọ̀ di aṣọ ẹ̀jẹ́ wọn. Bí ẹnì kan bá tilẹ̀ fún wọn ní aṣọ tuntun, wọ́n á gé e wẹ́wẹ́ kí wọ́n tó rán an. Nílé wa níbí, ọ̀pọ̀ agọ̀ eégún ni a fi abala àrán, àǹkárá àti aṣọ òkè so pọ̀, tí ìdílé á máa fi tuntun kún ti àtijọ́ bí ọdún ti ń gorí ọdún. Àwọn àgbà sì ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Nínú gbogbo ẹ̀rí wọ̀nyí, ìyókù nìkan kọ́ ló di mímọ́. Ẹnì kan ló tẹ̀ bá a, tó ṣiṣẹ́ sí i.

Àwọn kan á ní àṣẹ́kù ti di àwáwí: ẹni tó ní òun ń lo òwú tó kù á tún ra ìdì márùn-ún kí àwọ̀ lè bára mu, àpò ọ̀rá á sì di méjì. Òótọ́ ni, kò sì sí ohun tí mo lè sọ láti gbèjà rẹ̀. Ẹni tó bá ń rà kó lè ní àṣẹ́kù kò ní àṣẹ́kù mọ́. Ọjà ló ní. Àwọn mìíràn á rán wa létí pé akírílíìkì, tí a ń fi ohun tó wá látinú epo rọ̀bì ṣe, ló wà nínú ọ̀pọ̀ òwú òde òní, pé kì í jẹrà, pé okun wẹ́wẹ́ ń bọ́ lára rẹ̀ sínú omi nígbà gbogbo tí a bá fọ̀ ọ́. Híhun án di bùláńkẹ́ẹ̀tì kò wẹ ẹ̀ṣẹ̀ náà nù. Ṣùgbọ́n òwú tó ti wà nílé ti wà. Ilẹ̀ kò lè jẹ ẹ́, bí a bá sì sun ún, èéfín burúkú ni. Kó pẹ́ lórí ìbùsùn ẹnì kan sàn ju kó tètè dé ààtàn lọ. Kí a sì ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa nígbà tí a bá ń ra òmíràn.

Àtakò tó kẹ́yìn ló wúwo jù. Bí àkókò bá jẹ́ ọrẹ gan-an, àkókò ta ni? Àwọn obìnrin ló pọ̀ jù nídìí iṣẹ́ yìí, ó sì rọrùn fún ìjọ tàbí ẹbí láti yin ọwọ́ wọn kí wọ́n má bàa sanwó fún un. Oníbàárà á ní, “Ṣebí òwú tó kù lẹ ní ẹ fi ṣe é, ẹ dín owó rẹ̀ kù.” Bí àlàyé mi bá dúró, ìdúnàádúrà yìí wó lulẹ̀, torí pé kì í ṣe owó òwú ni wọ́n ń san, wákàtí àti ojú tó fara balẹ̀ ni. Aṣọ tí a fi àṣẹ́kù hun yẹ kó wọ́n ju èyí tí a fi òwú tuntun hun lọ, nítorí orí òwú 800 yẹn. Ohun tí a kò lè fi tìpá gbà lọ́wọ́ ẹni nìkan la lè pè ní ọrẹ. Ohun tí a fi ìyìn rẹ́ni jẹ láti gbà, ìrẹ́jẹ ni, kódà bí a bá gbé e sórí pẹpẹ.

Nítorí náà, olùhun tó fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ yẹ ní títọrẹ kò ní láti máa tijú ibi tí òwú ti wá. Kó yí iṣẹ́ náà dé ẹ̀yìn, kó wo bóyá ó ti orí òwú wọlé tàbí ó gé wọn sílẹ̀ kó lè tètè parí. Kó béèrè bóyá òun á jẹ́ kó wà lórí àga òun tí àlejò bá dé. Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kó gbé e lọ pẹ̀lú ìgboyà. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, kó tú u. Kíróṣé kì í bínú títú, òwú rẹ̀ á sì tún wúlò lọ́jọ́ mìíràn. Ọjọ́ tó lò lórí rẹ̀ nìkan ni kò ní padà, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé òun ni kó ṣọ́ jù.